Yíyan Bébà fún Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Igi ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú bébà ayé òde òní, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú abala bébà kan ju igi lọ. Ilé iṣẹ́ á kọ́kọ́ gé igi wẹ́wẹ́, wọ́n á sì fi kẹ́míkà sè é títí lígínìn, èyí tó so igi pọ̀ tó fi le, yóò fi yọ́ dànù. Ohun tó ṣẹ́ kù ni sẹ́lúlóòsì, ìyẹn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí gígùn rẹ̀ kì í sábà ju mílímítà kan sí mẹ́ta lọ. Wọ́n á bu omi púpọ̀ sí fọ́nrán yìí, á rí bí ògì tí wọ́n là ṣùgbọ́n tí kò tíì kan iná. Orí àwọ̀n gbọọrọ tó ń sáré lọ ni wọ́n máa ń dà á sí. Omi á jò gba ìsàlẹ̀, fọ́nrán á gbá ara wọn mú, àwọn róólà á fún un, róólà gbígbóná á sì yan án gbẹ.

Bó bá jẹ́ fọ́nrán nìkan ló wà níbẹ̀, bébà náà yóò kàn máa mu omi ni, yíǹkì yóò sì máa ràn káàkiri lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi nǹkan méjì kún un. Àkọ́kọ́ ni ẹfun kíkúnná, tó ń dí àlàfo àárín fọ́nrán, tó ń jẹ́ kí ojú bébà dán, tí kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn hàn síwájú. Nínú bébà ọ́fíìsì lásán, ẹfun yìí lè tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo bébà. Èkejì ni oògùn tó ń dá omi dúró. Láyé àtijọ́, oje igi páìnì àti álọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò. Lóde òní, kẹ́míkà mìíràn ti gbapò wọn, wọ́n á sì tún fi sítáàṣì kun ojú bébà. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ti ṣe po nǹkan wọ̀nyí ló ń mú kí bébà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, kò sì sí oníbàárà tó lè fi ojú lásán rí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó wà níkàáwọ́ oníbàárà ni kó mọ irú ẹ̀rọ tí òun ní, kó mọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ fi bébà ṣe, kó sì mọ ohun tó wà lára èèpo ríìmù kà.

Àtíkè àti yíǹkì

Oríṣi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì ló gbòde kan nílé àti ní ọ́fíìsì, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń bèèrè lọ́wọ́ bébà yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ̀rọ lésà kì í lo yíǹkì rárá. Tónà ló ń lò, àtíkè gbígbẹ tí wọ́n fi ike lílọ̀ kúnná àti àwọ̀ ṣe. Chester Carlson, ará Amẹ́ríkà, ló fi ìpìlẹ̀ ọgbọ́n yìí lélẹ̀ ní Astoria nílùú New York, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1938, nígbà tó lo agbára iná láti fa àtíkè mọ́ ojú àwo pẹlẹbẹ kan, tó sì gbé e kúrò níbẹ̀ sórí bébà. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ti jáde. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ ni Gary Starkweather ti ilé iṣẹ́ Xerox ronú kan lílo ìmọ́lẹ̀ lésà láti kọ ọ̀rọ̀ tó ti inú kọ̀ǹpútà wá sára dúrọ́ọ̀mù tó ń yí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà bá kọ sí ni tónà á lẹ̀ mọ́. Agbára iná tó wà lábẹ́ bébà á fa tónà náà bọ́ sórí bébà, róólà gbígbóná á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ooru ibẹ̀ sábà máa ń tó nǹkan bíi dígírì 180 sí 200 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ike inú tónà á yọ́, á di fọ́nrán mú, kò sì ní í bọ́ mọ́.

Nítorí náà, bébà tí ẹ̀rọ lésà ń fẹ́ gbọ́dọ̀ lè fara da ooru, kó dán dọ́gba, kó má sì tutù. Ojú bébà tó rí hágahàga kò bá a lára mu, torí pé tónà kì í dé inú kòtò. Èyí ni ìṣòro bébà olówó gọbọi tí wọ́n máa ń fi tẹ sátífíkéètì àti lẹ́tà pàtàkì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà ń pè ní Conqueror láìka ilé iṣẹ́ tó ṣe é sí. Irú èyí tó ní ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ lójú rewà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ lésà kékeré bá tẹ ọ̀rọ̀ tín-ín-rín sí i, ara lẹ́tà á ní àlàfo funfun níbi tí ìlà gbé wọnú. Irú tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ló yẹ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Omi ló pọ̀ jù nínú yíǹkì ẹ̀rọ oníyíǹkì. Orí ẹ̀rọ náà ń tu ẹ̀kán tó kéré débi pé ojú kò lè rí i sójú bébà, ohun tí bébà bá sì fi ẹ̀kán náà ṣe ló ń sọ bí lẹ́tà yóò ṣe rí. Bébà tó dára á yára fa omi inú ẹ̀kán náà wọlé, á sì dá àwọ̀ rẹ̀ dúró lókè. Lórí bébà tí oògùn ìdámi-dúró rẹ̀ kò tó, ẹ̀kán á máa tọ fọ́nrán lọ, etí lẹ́tà á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àwọ̀ á sì dé ẹ̀yìn bébà. Ìwé Yorùbá ló ń tú àṣírí àléébù yìí jù. Bí wọ́n bá fi lẹ́tà kékeré tẹ ìwé kan, àmì abẹ́ «ẹ» àti «ọ» á lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà, àmì ohùn á di tóótó dúdú, akàwé á sì máa méfò. Ẹni tó bá fẹ́ dán ríìmù tuntun wò kò nílò ju kó tẹ ìlà mélòó kan pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé, kó sì mú u súnmọ́ ojú.

Lára èèpo ríìmù mìíràn, wọ́n máa ń kọ ColorLok sí i. Ó túmọ̀ sí pé iyọ̀ kan wà lójú bébà náà tó ń mú kí àwọ̀ tètè kúrò nínú omi yíǹkì, kó dúró sókè, kó sì gbẹ kíákíá. Ó ṣàǹfààní fún ẹ̀rọ oníyíǹkì tó bá jẹ́ pé àwọ̀ inú yíǹkì rẹ̀ kò yòrò sómi. Ní ti ẹ̀rọ lésà, kò sí ìdí láti tìtorí rẹ̀ san owó kún owó. Púpọ̀ nínú ríìmù A4 ni wọ́n ṣe kó lè bá ẹ̀rọ méjèèjì lò, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí i lára. Fún lẹ́tà, ìdánwò àti ìwé owó, òótọ́ ni wọ́n kọ. Ti àwòrán ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìwúwo tó wà lára èèpo

Nọ́ńbà tí gbogbo oníbàárà mọ̀ ni 70, 75 tàbí 80, tí lẹ́tà gsm tẹ̀lé. Ohun tó ń sọ ni iye gíráàmù tí abala bébà kan yóò wọ̀n bó bá fẹ̀ ní mítà kan níbùú, tó sì jẹ́ mítà kan lóròó. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn fún A4, torí pé abala A4 mẹ́rìndínlógún ló wà nínú irú abala ńlá bẹ́ẹ̀. Abala A4 kan tó jẹ́ 80 gsm yóò wọn gíráàmù márùn-ún gééré, ríìmù tó ní abala 500 yóò sì wọn kílò méjì àtààbọ̀. Ríìmù 70 gsm kò ní í pé kílò 2.2, ti 60 gsm kò ní í pé kílò 1.9.

Ìṣirò kékeré yìí wúlò lọ́jà. Nígbà tí ríìmù kan bá pe ara rẹ̀ ní 80 gsm, tí òṣùwọ̀n sì sọ pé kílò 2.2 ni, ọ̀kan nínú ohun méjì ló ṣẹlẹ̀: yálà bébà náà fẹ́lẹ́ ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ, tàbí iye abala inú rẹ̀ kò pé. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹja tàbí ẹran tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ra páálí mẹ́wàá fún ilé ẹ̀kọ́ kan kò gbọdọ̀ tijú láti ní kí wọ́n gbé ọ̀kan lé òṣùwọ̀n. Ó dára kó tún wo iye abala tí wọ́n kọ sára èèpo, nítorí 480 ni ríìmù àtijọ́, irú rẹ̀ sì lè wà lábẹ́ òfin bí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀.

70 gsm tó fún iṣẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ sí ojú kan ṣoṣo, tí wọn kò sì ní í tọ́jú pẹ́: ìwé tí wọ́n fẹ́ ṣàtúnṣe sí, ìkéde ara ògiri, ìbéèrè ìdánwò. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ ojú méjèèjì, 80 ló yẹ, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn má bàa máa da ti iwájú rú. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti ìwé àbá iṣẹ́ máa ń níyì lọ́wọ́ lórí 90 tàbí 100. Láti 160 lọ sókè, káàdì ni. Ṣùgbọ́n ìwúwo nìkan kọ́ ni dídára. Bébà 75 tí wọ́n po ẹfun rẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì gé etí rẹ̀ ní mímọ́ sàn ju 80 tí wọ́n ṣe ṣákálá lọ, ẹ̀rọ náà yóò sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń mọ bébà tí etí rẹ̀ kò mọ́. Wọ́n á ṣí èèpo, wọ́n á sì fi aṣọ dúdú nu ẹ̀gbẹ́ ríìmù náà lẹ́ẹ̀kan. Bí eruku funfun bá hàn gbangba lára aṣọ, eruku yẹn kan náà ni yóò máa kó sórí róólà rọ́bà tó ń gbé bébà wọlé. Kò ní í pẹ́ tí róólà náà yóò fi máa yọ̀, ẹ̀rọ á máa kígbe pé bébà tán nígbà tí tíréè kún. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni wọ́n fi ń nu róólà yìí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá ń gba bébà tàbí ìwé láti Amẹ́ríkà yóò bá òǹkà mìíràn pàdé. Pọ́ùn ni wọ́n ń kọ sára ríìmù níbẹ̀: pọ́ùn 20 dọ́gba pẹ̀lú 75 gsm, pọ́ùn 24 sì jẹ́ 90. Bébà wọn náà kì í ṣe A4. Letter ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 216, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 279, nígbà tí A4 jẹ́ 210 sí 297. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n kan ṣètò ní Houston lọ́nà tó fi kún ojú Letter yóò wá kúrú lókè tàbí nísàlẹ̀ bí àbúrò bá tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ etí rẹ̀ sì lè gé dànù, àfi bó bá kọ́kọ́ yí ìwọ̀n bébà padà sí A4 nínú kọ̀ǹpútà. Àpapọ̀ ìwọ̀n A4 àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti Jámánì wá. Lọ́dún 1922 ni wọ́n gbé e jáde níbẹ̀, Walter Porstmann ló ṣètò rẹ̀, ó sì di ìlànà àgbáyé lọ́dún 1975. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ká A3 sí méjì, A4 ló ń di. Bí wọ́n bá ká A4, A5 ni. Ìrísí wọn kò sì ní í yí padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì fi lè sọ A3 di A4 láì gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Omi inú afẹ́fẹ́

Nínú gbogbo ohun tó ń ba iṣẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, omi inú afẹ́fẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni wọn kì í sábà kà sí. Ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń bú.

Bébà kì í gbẹ tán. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin sí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ ni omi nígbà tó bá kúrò nílé iṣẹ́, sẹ́lúlóòsì sì fẹ́ràn omi. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, bébà á fà á; bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, bébà á dá a padà. Ìrìn àjò tí ọ̀pọ̀ ríìmù rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kò sì kéré. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ bébà sí Jẹ́bà, sí Òkù-Ìbokù àti sí Ìwopin ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ti Ìwopin yìí ló sì yẹ kó máa pèsè bébà ìkọ̀wé àti ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n kò bọ́ sípò bí wọ́n ṣe pète rẹ̀. Òkèèrè ni A4 tó wà lọ́jà ti ń wá, bíi PaperOne láti Indonéṣíà àti Double A láti Táílàńdì. Orí òkun ló gbà wọlé, ó sì tún lè pẹ́ ní èbúté àti nínú ilé ìkẹ́rù kí ó tó dé Ṣómólú, tàbí Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, níbi táwọn atẹ̀wé pọ̀ sí.

Ohun tó ń dáàbò bò ó lójú ọ̀nà ni èèpo ríìmù. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni èèpo yìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ya á, wọ́n á rí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Ọ̀rá yìí ló ń dènà omi. Ríìmù tí èèpo rẹ̀ ti ya ní ṣọ́ọ̀bù kò yẹ ní rírà nígbà òjò, iye yòówù kí wọ́n dín kù níbẹ̀.

Fọ́nrán tó mu omi máa ń wú, fífẹ̀ ló sì máa ń wú jù, kì í gùn tó bẹ́ẹ̀. Etí ríìmù tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mu omi, àárín rẹ̀ kò tíì mu ún, etí á wá máa rí gbágungbàgun. Bí abala bẹ́ẹ̀ bá wọ ẹ̀rọ, apá kan á kan róólà ṣáájú apá kejì, ó lè ká, ó sì lè há. Nínú ẹ̀rọ lésà, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bébà tó tutù ń jẹ́ kí agbára iná tó yẹ kó fa tónà sá lọ, ìwé á wá ṣì, tàbí kó ní ojú funfun káàkiri. Nígbà tó bá dé ibi ooru, omi inú rẹ̀ á di oru lójijì, abala á sì jáde ní kíkákò. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló ti pààrọ̀ káńtíríìjì tónà nítorí ìwé tó ń jáde ní ṣíṣì, nígbà tó jẹ́ pé ríìmù tuntun tó gbẹ ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́.

Ìgbà ọyẹ́ ní wàhálà tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbẹ, bébà gbẹ, abala á sì máa lẹ̀ mọ́ra wọn bí wọ́n bá ti ń fara kanra. Ẹ̀rọ á máa gbé méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tó yẹ kí ríìmù wà ni orí pákó tàbí kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe orí sìmẹ́ǹtì lásán tí omi ń gòkè láti abẹ́ rẹ̀. Kí ó dùbúlẹ̀, torí pé ríìmù tí wọ́n gbé nàró á tẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e láti ilé ìkẹ́rù gbígbóná wá sínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú èèpo rẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ṣí i, kí ooru ara rẹ̀ lè bá ti yàrá dọ́gba. Èyí tó bá kù nínú tíréè ní ọjọ́ Ẹtì, inú èèpo rẹ̀ ni kó padà sí, kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì í. Àwọn kan máa ń sá bébà tó tutù sí oòrùn, àwọn mìíràn sì máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ojú kan á gbẹ ju èkejì lọ, bébà á ká, ẹ̀rọ á sì há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú bébà bẹ́ẹ̀ dára fún ìkọ̀wé pẹ̀lú bírò.

Kíká bébà tún ní ohun kejì tó ń fà á. Bí àwọ̀n ilé iṣẹ́ ṣe ń sáré lọ, púpọ̀ nínú fọ́nrán máa ń dojú kọ ibi tí àwọ̀n ń lọ, èyí sì fún bébà ní ìhà tó le àti ìhà tó rọ̀. Nínú A4 tí ilé iṣẹ́ gé, fọ́nrán sábà máa ń bá gígùn rẹ̀ lọ, kò sí ìyọnu. Ìyọnu wà nínú káàdì tí wọ́n gé lọ́wọ́ láti ara abala ńlá lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Láti mọ ìhà rẹ̀, wọ́n á gé ọ̀já méjì tó dọ́gba, ọ̀kan ní gígùn, èkejì ní ìbú, wọ́n á tò wọ́n léra, wọ́n á sì di orí wọn mú, kí ìyókù nà síta. Èyí tó bá tẹ̀ wọ́lẹ̀ jù ni fọ́nrán rẹ̀ dábùú. Káàdì tí wọ́n máa ká sí méjì fún ìwé ìpè ìnáwó gbọ́dọ̀ ká bá fọ́nrán lọ. Bí ó bá dábùú rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ká á sán ni, tónà ibẹ̀ á sì bó.

Ọfà kékeré tó wà ní orí èèpo ríìmù, ojú tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ló ń tọ́ka sí. Bí ìwé bá ń jáde ní kíkákò, kí wọ́n yí bébà inú tíréè dojú dé ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n gbìyànjú.

Funfun tó ju funfun lọ

Lára èèpo ríìmù mìíràn, wọ́n máa ń kọ òǹkà funfun tó ju 150 lọ, ó sì lè ya ẹni tó rò pé 100 ni òpin lẹ́nu. Ohun tó fà á ni èròjà kan tó máa ń gba ìtànṣán tí ojú èèyàn kò lè rí nínú oòrùn, tó sì ń dá a padà ní ìmọ́lẹ̀ búlúù. Búlúù yìí ló ń bo àwọ̀ ìyeyè tó jẹ́ ti fọ́nrán gan-an. Èròjà yìí kan náà ló ń jẹ́ kí iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò lè tú àṣírí ayédèrú: bébà tí wọ́n fi ń ṣe owó gidi kò ní in, nítorí náà kì í tàn lábẹ́ iná náà, nígbà tí ayédèrú tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ọ́fíìsì á tàn yòò.

Funfun bẹ́ẹ̀ ń mú kí àwòrán aláwọ̀ dán. Fún ìwé tí wọ́n fẹ́ jókòó kà fún wákàtí púpọ̀, bébà tó pọ́n díẹ̀ tu ojú lára jù. Èròjà náà kò sì wà títí. Bí oòrùn bá ti ń pa á lójoojúmọ́, á rọra kú, bébà á sì padà sí àwọ̀ rẹ̀.

Àwòrán, káàdì àti ìwé POS

Bébà àwòrán kì í ṣe bébà lásán tí wọ́n mú nípọn. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní ike pólítíìnì níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n sì tún kun ojú rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ń gba yíǹkì. Ẹ̀rọ oníyíǹkì nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Bí wọ́n bá ki irú èyí sínú ẹ̀rọ lésà, ike rẹ̀ á yọ́ mọ́ róólà gbígbóná, àtúnṣe rẹ̀ sì lè súnmọ́ owó ẹ̀rọ tuntun. Bébà dídán tó wà fún ẹ̀rọ lésà wà lọ́tọ̀. Tiẹ̀ náà kò wúlò fún yíǹkì, torí pé yíǹkì á wà ní tútù lórí rẹ̀, á sì máa ra ọwọ́. Ẹni tí kò bá mọ ojú tó yẹ kó tẹ̀ lára bébà àwòrán lè fi ìka tó tutù díẹ̀ kan igun rẹ̀: ojú tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìka ni. Ó sì di dandan kó sọ fún kọ̀ǹpútà pé bébà àwòrán ló wà nínú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ lè mọ iye yíǹkì tó yẹ kó tu.

Ìsọfúnni kan náà ṣe kókó fún káàdì nínú ẹ̀rọ lésà. Tí wọ́n bá yan bébà nínípọn, ẹ̀rọ á rọra rìn kí ooru lè wọ inú káàdì. Bí wọn kò bá yàn án, èékánná lè ha tónà kúrò. Ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀rọ ló ń sọ ìwúwo tí kò gbọdọ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré kì í sì í gbà ju nǹkan bí 160 gsm lọ. Bí ilẹ̀kùn bá wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, kí wọ́n ṣí i, kí káàdì lè gba ibẹ̀ jáde gbọnrangandan láì tẹ̀. Abala bébà onígọ́ọ̀mù tí wọ́n ti ya ọ̀kan kúrò lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sínú ẹ̀rọ mọ́. Gọ́ọ̀mù ojú ibẹ̀ á lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù tàbí róólà.

Ìwé tó ń jáde lára ẹ̀rọ POS kò ní yíǹkì, kò ní tónà. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fi kẹ́míkà tó ń dúdú nínú ooru kùn, orí ẹ̀rọ náà sì ń fi ooru kọ ọ̀rọ̀ sí i. Bí èékánná bá ha á kíákíá, ìlà dúdú á hàn. Ojú tí kò bá ti hàn ni ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tó bá sì fi ẹ̀yìn síwájú nínú ẹ̀rọ yóò rí ìwé òfìfo. Oòrùn, ooru inú ọkọ̀ àti pọ́ọ̀sì oníke lè pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́, nítorí náà rìsíìtì ohun tó ní àtìlẹ́yìn ọdún kan yẹ ní ṣíṣe fọ́tòkọ́pì sórí bébà lásán ní kíá. Ní ti kẹ́míkà BPA tí wọ́n máa ń fi sójú ọ̀pọ̀ irú bébà yìí, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òfin de lílò rẹ̀ nínú bébà náà láti oṣù Kíní ọdún 2020.

Ẹ̀yìn bébà tí wọ́n ti lò

Bébà tí wọ́n ti tẹ ojú kan rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì gbogbo, kò sì dára kí wọ́n kàn dà á nù. Nínú ẹ̀rọ oníyíǹkì, kò sí ewu púpọ̀ bó bá tẹ́ dáadáa. Nínú ẹ̀rọ lésà, tónà àkọ́kọ́ á tún gbóná, díẹ̀ lè bọ́ sára róólà, á sì máa yọ bí òjìjì lórí àwọn abala tó tẹ̀lé e. Píìnì kan tí wọ́n gbàgbé sí igun lè ha dúrọ́ọ̀mù, ìlà tó bá ti wọ̀ ọ́ lára á sì máa hàn lórí gbogbo ìwé títí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún yẹ kí wọ́n wo ohun tí wọ́n kọ sí ojú àkọ́kọ́. Ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́ ti bọ́ sí ọwọ́ ará ìta rí lẹ́yìn ìwé mìíràn.

Ìwé tó máa pẹ́

Fún ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀rí, bí bébà yóò ṣe pẹ́ tó ló kọ́kọ́ yẹ ní wíwò. Lígínìn tó kù nínú bébà ìwé ìròyìn ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú oòrùn. Álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi sínú bébà látijọ́ ń di ásíìdì, tó ń gé fọ́nrán wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ìdí tí ìwé ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ń fọ́ bí wọ́n bá ti ń ṣí i. Ẹfun inú bébà òde òní ń pa irú ásíìdì bẹ́ẹ̀. Bébà tí wọ́n kọ ISO 9706 sí lára ti yege nínú ìdánwò yìí: ó gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n ẹfun kan pàtó nínú, lígínìn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ pọ̀.

Tónà dúdú ló dára jù láti fi tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí èédú ni àwọ̀ rẹ̀, oòrùn kì í sì í tètè pa á. Yíǹkì tó yòrò sómi á ṣàn bí òjò bá kàn án. Ìwé tí wọ́n fi tónà tẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú fáìlì oníke rírọ̀ tó ń rùn, torí pé òróró inú ike náà ń fa tónà mọ́ra, ọ̀rọ̀ á sì máa tẹ̀lé ike náà bí wọ́n bá ń yọ ọ́. Lámínéètì tí wọ́n máa ń sáré ṣe sí sátífíkéètì nítorí omi náà ní ewu tirẹ̀: ooru ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, kò ṣeé bó mọ́ láì fa ìwé ya, bí omi bá sì wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, inú ibẹ̀ ni yóò wà. Ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì ló yẹ kí wọ́n ṣe lámínéètì sí. Kí ojúlówó wà nínú fáìlì oníbébà, ní ibi tó gbẹ, tí oòrùn kì í dé, tó sì jìnnà sí ògiri tí omi ń jáde lára rẹ̀.